Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́rùn Mi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ má retí pé kí n sọ bí mo ṣe ríṣẹ́ tàbí iye tí wọ́n ń san fún mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ló mú mi lọ, wọ́n gbà mí, ó parí. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni, nílé-iṣẹ́ kan lẹ́yìn Ẹnuwá, níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo lò níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ni mo bá wọlé, máníjà ni mo bá jáde. Àwọn tó bá gbọ́ ìyẹn máa ń pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n á ní kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ṣe olórí. Èmi fúnra mi, ẹ̀rù ló máa ń bà mí bí mo bá rántí irú olórí tí mo jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyẹn.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé, ará Abẹ́òkúta. Ọkùnrin gíga ni. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló máa ń wọ̀ wá síbi tí gbogbo nǹkan ti dúdú fún yíǹkì, ẹ kò sì ní rí àmì kan lára rẹ̀ títí a ó fi ṣíwọ́. Létà òjé la fi ń tẹ̀wé nígbà náà. Létà kọ̀ọ̀kan dá dúró bíi hóró àgbàdo. A ó máa ṣà wọ́n látinú àpótí tó lójú púpọ̀, a ó máa tò wọ́n ní ìdojúdé, a ó sì máa kà wọ́n bí ẹni tó ń ka ìwé nínú dígí. Létà b àti d jọra lójú òjé bí ìbejì.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé rí d kan ṣoṣo nínú ojú àpótí b. Kò gbá mi létí. Ó gbé àpótí náà pátá, ó dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó padà lọ jókòó. Ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni mo fi wà lórí eékún tí mo ń ṣà wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo parí, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ìbẹ̀rù ọ̀gá ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ iṣẹ́." Ẹni tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ni o, ó mọ bí ẹsẹ̀ Bíbélì yẹn ṣe lọ gan-an, ó kàn tún un ṣe sí ìwọ̀n ara rẹ̀ ni.

Ó máa ń fi kànfọ̀ sáàárín aṣọ rẹ̀. Bí òórùn kànfọ̀ bá ti dé ẹ̀yìn mi, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Títí dòní, bí ìyàwó mi bá fi kànfọ̀ sínú àpótí aṣọ, màá kó o dà nù. Ní ọdún kẹta mi níbẹ̀, bàbá mi kú. Mo lọ sọ fún un. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ìwọ lo máa jí i ni? Parí ojú ewé yẹn." Mo parí ojú ewé yẹn kí n tó lọ sílé òkú. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé mo fi yangàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ ìtàn náà fún àwọn tó wà lábẹ́ mi, kí wọ́n lè mọ irú ọkùnrin tí mo jẹ́.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé fẹ̀yìn tì, èmi ni mo gba ipò rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọdún 1990 fi wọlé, kọ̀ǹpútà sì dé. Iṣẹ́ tí ènìyàn mẹ́fà ń fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, ọmọbìnrin kan á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, á parí rẹ̀ kó tó di aago méjì ọ̀sán. Wọ́n kó létà òjé tí mo fi eékún kọ́ lọ fún àwọn tó ń yọ́ irin. Wọ́n ní kí àwọn mẹ́rin tí a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ máa lọ sílé, èmi ni wọ́n sì ní kí n fún wọn níwèé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìwé tèmi náà lè wà lójú ọ̀nà. Alága ilé-iṣẹ́ wa ń gbé Ìbàdàn, ó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bí mo bá sì gbọ́ ìró mọ́tò rẹ̀ ní géètì, màá sáré yẹ gbogbo tábìlì wò kó tó wọlé. Mo wá di ẹni tó ń kọ́kọ́ dé, tó ń kẹ́yìn lọ. Mo le mọ́ àwọn ènìyàn ju bí wọ́n ṣe le mọ́ mi lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá tọrọ àyè lọ sílé, mo máa ń rò pé ó fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ kí wọ́n lè lé mi ni.

Mo ya pátákó kan lọ́dà pupa, mo kàn án mọ́ géètì: ILÉ KÌ Í WỌ IBI IṢẸ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá jíṣẹ́ láti ilé òṣìṣẹ́, ọwọ́ aṣọ́géètì ni yóò wà títí a ó fi ṣíwọ́. Ìyàwó mi, Àbẹ̀kẹ́, rí pátákó yẹn lọ́jọ́ kan tó ń ti Ẹnuwá bọ̀. Nígbà tí mo délé, ó ní, "Bàbá Tóyìn, ẹ kúkú ká ẹní yín lọ síbẹ̀. Ṣé ẹ tilẹ̀ mọ kíláàsì tí ọmọ yín wà?"

Mo ní, "Ṣebí kíláàsì kejì ni."

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹta ni."

Mo rẹ́rìn-ín, mo jẹun, mo sùn. Tóyìn nìkan ni ọmọ tí a bí, ọmọ ọdún méje ni nígbà náà. Ó fẹ́ràn orin púpọ̀. Bó bá ń fọ abọ́, á máa kọrin, èmi á sì ní kó dákẹ́ kí n lè ronú nípa iṣẹ́.

Ẹni tó ń ṣọ́ géètì wa ni Bàbá Múdà, ọmọ bíbí Ifẹ̀, mùsùlùmí òdodo, ẹni tó lè bí mi lọ́mọ. Bí a bá pàdé ládùúgbò wa ní Ìlàrè, èmi ni màá dọ̀bálẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé géètì, òun ló ń pè mí ní sà. Ó fi géètì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti lọ kírun àyìlá, mo fún un ní kúẹ̀rì. Bàbá tó lọ́mọ-ọmọ! Ó ní kí ọmọ rẹ̀ bá òun fèsì sí i, ó sì gbé èsì náà wá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Láti ìgbà náà, kì í wo ojú mi tààrà mọ́.

Ní ọdún kan tí epo mọ́tò wọ́n bí ojú, iṣẹ́ ńlá kan dé sọ́wọ́ wa: ìwé ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ wa, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é. A kì í tẹ ìwé ìdánwò ní gbangba. Iyàrá kan la máa ń wọ̀ láàárọ̀, a ó kó oúnjẹ wa dání, a ó ti ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jáde títí di aago márùn-ún, nítorí bí ìbéèrè kan ṣoṣo bá jò síta, ilé-iṣẹ́ ti kú nìyẹn. Èmi ni mo ń ti ilẹ̀kùn. Mo fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí okùn dúdú, mo sì gbé e kọ́rùn. Alága ti sọ fún mi pé, "Bó bá jò, ìwọ ni mo mọ̀." Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sùn, mo gbé e jí.

Ní òru ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ kẹta iṣẹ́ náà, ara Tóyìn gbóná. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo fọwọ́ kàn án lórí, mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ ra oògùn ibà fún un, mo wa mọ́tò lọ. Mọ́tò ilé-iṣẹ́ ni, òun nìkan ló sì lépo ní gbogbo òpópónà wa. Mo ti mọ́tò, mo ti iyàrá, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, nínú ariwo ẹ̀rọ, mo gbọ́ tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ó rọra kàn án ni, kò, kò, kò, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Mo jágbe, "Ta nìyẹn? Ṣé iná ń jó ni?"

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn Bàbá Múdà. "Rárá o, sà. Iná kankan kò jó. Mo kàn ní kí n kí yín kú iṣẹ́ ni."

Mo yíjú sí àwọn tó wà nínú iyàrá, mo ní, "Ogbó ti dé sí bàbá yìí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́. A tẹ̀síwájú.

Aago márùn-ún lù. Mo ṣílẹ̀kùn. Bàbá Múdà wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ní géètì. Kí n tó bi í ohun tó ń wá, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, bàbá àgbàlagbà, fìlà rẹ̀ sì yí lọ.

"Ẹ dákun, sà, ẹ má bínú. Wọ́n wá láti ilé yín."

"Nígbà wo?"

"Láàárọ̀, sà. Màmá Bísí tó múlé ti yín ni. Wọ́n ní ara Tóyìn kò dá díẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ mọ "díẹ̀" yẹn. A kì í la ọ̀rọ̀ burúkú mọ́ ènìyàn lórí. Ẹni tó ti kú pàápàá, a ó kọ́kọ́ sọ pé ara rẹ̀ kò le. Nígbà tí mo rí àgbàlagbà tó dojú bolẹ̀ tó ń sọ pé "díẹ̀", mo di ilẹ̀kùn mú.

Mo ní, "Kí lẹ sọ fún Màmá Bísí?"

Ó ní, "Mo ní ẹ ń bọ̀, sà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé ẹ kò ní bọ̀? Mo rò pé bí mo bá kanlẹ̀kùn ẹ máa dáhùn. Ẹ sì dáhùn, sà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí."

Bí mo ṣe wakọ̀ dé Ìlàrè, n kò mọ̀ ọ́n. Àbẹ̀kẹ́ wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Ó ti wọṣọ ìjáde, báàgì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orí Tóyìn wà lórí itan rẹ̀. Ó ti wọ bàtà ọjọ́ ìsinmi fún ọmọ náà láti aago mẹ́wàá, nítorí ọsibítù ni wọ́n ń lọ. Ọmọ náà la ojú sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ẹnikẹ́ni. Ọrùn rẹ̀ gan bí igi.

Ohun tí ìyàwó mi sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. "Wọ́n ní ẹ ń bọ̀."

Ká ní wọ́n ti sọ fún un pé n kò ní bọ̀ ni, ì bá ti gbé ọmọ pọ̀n, ì bá fẹsẹ̀ rìn já gbogbo ìlú. Mo mọ obìnrin yẹn. Ó jókòó nítorí pé ó gbà pé bàbá ọmọ ń bọ̀.

Ní ọsibítù ńlá tó wà ní òdìkejì ìlú, dókítà ọ̀dọ́mọkùnrin kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ibà tó máa ń wọ ọpọlọ ni, pé wákàtí kọ̀ọ̀kan ló ṣe pàtàkì nínú irú rẹ̀. Ó bi wá pé, "Kí lẹ ń dúró dè láti àárọ̀?" Àbẹ̀kẹ́ wo ilẹ̀. Kò dáhùn, kó má bàa dójú tì mí. Mo fọwọ́ kan àyà mi bí mo ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ, ọwọ́ mi sì ba irin. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́rùn mi. Ènìyàn méje ló wà nínú iyàrá yẹn lọ́jọ́ náà. Mẹ́fà ni wọ́n tì mọ́lé. Èmi, kò sẹ́ni tó tì mí mọ́bì kankan.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọmọ náà fi wà láàárín méjì. Mo ti bẹ̀rù Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé, mo ti bẹ̀rù alága, mo ti bẹ̀rù kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, mo mọ̀ pé eré ni mo ti ń ṣe látọjọ́ yìí, n kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù. Bó bá mí, màá máa dúró de èyí tó kàn. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí igbákejì mi. Ẹ sì wò ó, iṣẹ́ náà parí lọ́jọ́ tó yẹ kó parí, ẹ̀rọ kankan kò béèrè mi. Mo ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Tóyìn jókòó, ó ní òun fẹ́ jẹ ẹ̀kọ. Àbẹ̀kẹ́ bú sẹ́kún ayọ̀. Mo sáré lọ rà á, mo sì gba ẹ̀yìn ọmọ náà wọlé. Mo pè é, "Tóyìn!" Kò yíjú. Mo tún pè é. Mo pàtẹ́wọ́. Àwọn aláìsàn tó wà ní gbogbo iyàrá náà ló wò mí, àfi òun. Ẹ̀kọ já bọ́ lọ́wọ́ mi. Àìsàn náà ti lọ, ó sì ti gbé etí ọmọ mi méjèèjì dání.

Mo fẹ́ lé Bàbá Múdà lọ. Mo ti jókòó láti kọ ìwé rẹ̀ nílé nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ dúró lé mi lórí. Ó ní, "Ta ló kàn pátákó mọ́ géètì? Ṣé Bàbá Múdà ni?" Mo fa ìwé náà ya.

Dípò bẹ́ẹ̀, mo lọ kí Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé, tó ń dá gbé iyàrá kan ní ìsàlẹ̀ Ìlàrè. Ó ti rù. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì funfun. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì ń retí pé yóò ní kí n parí ojú ewé. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé o rò pé ẹ̀rù kò bà mí nígbà náà? Ojoojúmọ́ ni mo ń rò pé wọ́n máa lé mi. Mo rò pé iṣẹ́ ni mo ń kọ́ ọ." Ó nàka sí àga kan ṣoṣo tó kù nínú iyàrá náà. "Ọmọ márùn-ún ni mo bí. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó síbẹ̀ lọ́dún yìí." Bó pẹ́ bó yá, ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tọ́jú ilé, kí ni yóò bọ̀ wá bá? Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé láti kí i pé ó dàbọ̀.

Mo yọ pátákó kúrò ní géètì. Nígbà tí iṣẹ́ ìdánwò tún dé, mo gé kọ́kọ́rọ́ kejì, mo sì fi lé Bàbá Múdà lọ́wọ́. Alága bínú gidigidi. Ó ní bí nǹkan bá jò, òun yóò fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ara mi gbọ̀n, ṣùgbọ́n n kò gba kọ́kọ́rọ́ náà padà, ìbéèrè kan kò sì jò títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tó ṣòro jù ni bí màá ṣe mú kí wọ́n sọ òótọ́ fún mi. Ẹni tí ẹ ti dẹ́rù bà fún ọdún púpọ̀, ẹ kò lè fi ẹ̀rín ọjọ́ kan yọ ẹ̀rù lára rẹ̀. Wọ́n á wọ ọ́fíìsì mi, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà," wọ́n á fẹ́ yí padà. Màá ní, "Lẹ́yìn ẹ kú iṣẹ́, kí ló kù?" Màá sì dákẹ́ títí wọ́n á fi sọ ọ́: ìyàwó ń rọbí, ẹ̀rọ ń fa pépà ya, ọmọ kò lọ sílé-ìwé. Bàbá Múdà ló kọ́kọ́ pè mí ní Ọ̀gá Kí-Ló-Kù, orúkọ náà sì mọ́ mi lára dé ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Aago mẹ́rin ni mo ń ṣíwọ́. Mo kọ́ èdè ọwọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ Tóyìn. Tóyìn mọ Kí-Ló-Kù náà, ó sì máa ń fi ọwọ́ rẹ̀ pè mí bẹ́ẹ̀ ní ilé. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún un rí pé ẹnìkan kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Ó mọ̀ pé àìsàn ni. Ẹ̀rù ló bà mí, ó sì ń bà mí lọ títí irun mi fi funfun.

Tóyìn ti di ìyá ọmọ báyìí. Ó ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní Ifẹ̀ níhìn-ín, wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ya èèpo ìwé, ènìyàn mọ́kànlá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo ya ibẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, mo gbọ́wọ́ sókè láti kanlẹ̀kùn, mo wá rí i pé kò sí ohun tí màá kàn. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ wọlé. Ọ̀gá wa kì í tilẹ̀kùn. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá kàn án, àwọn kò ní gbọ́."

Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Tábìlì rẹ̀ dojú kọ ẹnu ọ̀nà, ó sì rí mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bi mí pé ṣé kò sí.

Mo fọwọ́ dá a lóhùn pé kò sí o, mo kàn wá kí i kú iṣẹ́ ni.

Ó wo ojú mi. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì béèrè pé lẹ́yìn ẹ kú iṣẹ́, kí ló kù?

Mo wọlé, mo fa àga kan, mo jókòó síwájú rẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bíi ti ọjọ́ òórùn kànfọ̀, ó sì ṣòro fún un láti ka ohun tí mo ń sọ, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ní, "Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn."